Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ẹja olórí pẹlẹbẹ: ìrù ló yanjú rẹ̀

Mo ti kọ́kọ́ bi yín bóyá ẹ̀yà kan náà ni àwọn ẹja olórí pẹlẹbẹ (Platycephalus ni orúkọ ìdílé wọn) tí a mú ní ẹnu ọ̀sà àti nínú òkun ní New South Wales, Ọsirélíà. Rárá o. Ẹni tó ní kí n wo ìrù ló yanjú rẹ̀: ti ẹnu ọ̀sà ní àmì dúdú àti àbàwọ́n aláwọ̀ aró lórí ìrù, Platycephalus fuscus (P. fuscus) nìyẹn. Èyí tó wá láti inú òkun ní ehín ńlá ṣóńṣó lájà ẹnu, tó-tò-tó aláwọ̀ ọsàn sì bá ara rẹ̀ dé ìrù: P. richardsoni ni.

Ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ orí ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ kì í hàn dáadáa nínú fọ́tò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ ara. Àwọn ẹja yìí ń fi í jọ yanrìn ni.

Ó ku ọ̀kan kékeré tí ìrù rẹ̀ ti ya. Orúkọ ìdílé, Platycephalus lásán, ni mo kọ fún un, láìdárúkọ ẹ̀yà. Ẹ ṣeun gan-an.