Ewì tí kò yé mi ń pa mí lẹ́kún: ṣé mo lè dá sí i?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọ èrò mi sílẹ̀ bí mo bá ti ka ìwé kan tán. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mo fẹ́ràn jù, ìtàn ìfẹ́ ló tẹ̀ lé e, mo sì máa ń ka ti ogun àti ti ìlú àìrí náà. Bó bá jẹ́ ìtàn àròsọ, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi lẹ́nu. Mo lè sọ pé asọ̀tàn tú àṣírí síta kó tó yẹ, tàbí pé ìfẹ́ àwọn méjì yìí kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ni, kò ní gbòǹgbò.

Ewì ló ń rú mi lójú. Lóṣù tó kọjá mo ka ọ̀kan, ìlà mọ́kànlá péré, lórí àga tí ìyá akéwì máa ń jókòó sí kí wọ́n tó papò dà. Mi ò mọ ohun tí ẹyẹ wá ṣe ní ìlà keje. Mi ò mọ ẹni tí "ìwọ" tó ń bá sọ̀rọ̀ jẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan tó gboyè nínú lítíréṣọ̀. Ó ní ohun tí kò bá yé èèyàn, kó má dá sí i, pé ẹkún kì í ṣe èrò. Ó tún ní ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí mò ń kà ló bà mí jẹ́, torí mo ti gbà pé gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ ní ojútùú kí ìwé tó parí.

Ó dùn mí gan-an. Kí ni mo lè kọ nípa ewì yìí tí kò ní jẹ́ àsọdùn lásán? Ṣé kí n sì gbà pé àwọn ìwé tí mo fẹ́ràn kò já mọ́ nǹkan?

Àṣàkẹ́:
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Lóòótọ́, ẹkún kì í ṣe èrò, ṣùgbọ́n ibi tí ẹkún ti bẹ̀rẹ̀ lè di èrò. Ìlà wo lo dé tí ọ̀fun rẹ fi dí? Gbé ìka lé e. Kà á sókè, má fojú kà á, torí etí ni ewì kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀. Wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń padà wá, wàá gbọ́ ibi tí ohùn ti wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi ìwé bo ìlà keje tí ẹyẹ wà, kó o ka ìyókù. Bí ewì bá ṣì dúró bó ṣe wà, ẹyẹ ò níṣẹ́ níbẹ̀, o sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan bá dín, o ti rí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn.

Àkànní:
Mo gbè sẹ́yìn ọ̀rẹ́ yín díẹ̀, ẹ má bínú. Ewì tó dá lórí ìyá lè pa ẹnikẹ́ni lẹ́kún láìjẹ́ pé akéwì ṣiṣẹ́ kankan. Ẹ bi ara yín bóyá ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé ló fa omijé náà, àbí ìyá tiyín tí ẹ rántí. Bó bá jẹ́ ìyá yín ni, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, àmọ́ ẹ má fi yin akéwì.

Ọmọ Ìwé:
Ìdáhùn sí ti ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni tèmi. Ìtàn kúkúrú tí Edgar Allan Poe, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1841 ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí àkọ́kọ́ nínú irú rẹ̀. Akéwì ni Poe! Orí kan náà ló bí méjèèjì. Ẹni tó ń ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dáadáa ti kọ́ láti má fojú fo ohun kékeré, ohun tí ewì sì ń fẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá lo ojú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà. Ṣé Yorùbá ni wọ́n fi kọ ewì yẹn? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ yín. Ọmọ wo ló ń pe ìyá rẹ̀ ní "ìwọ"?

Àṣàkẹ́:
Ọmọ Ìwé, rọra o. Nínú oríkì àti nínú àdúrà, a máa ń fi "ìwọ" pe ẹni tó ju ẹni lọ. Kó kọ́kọ́ wo bí akéwì ṣe pe ìyá náà níbòmíì.

Àdùkẹ́:
Ní ti ọ̀rẹ́ tó gboyè, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Emily Dickinson, akéwì obìnrin ará Amẹ́ríkà, kọ ewì bí 1,800, ìwọ̀nba bíi mẹ́wàá ló jáde kó tó kú ní 1886. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1890, àwọn tó ṣètò rẹ̀ yọ púpọ̀ nínú àwọn ìlà kéékèèké (—) tó máa ń fà sáàárín ọ̀rọ̀, wọ́n tún pààrọ̀ ọ̀rọ̀ míì. Àwọn tó mọ̀wé ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ṣì í. Ó di 1955 kí àkójọpọ̀ tó sún mọ́ bó ṣe kọ ọ́ gan-an tó jáde. Àwọn ìlà kéékèèké yẹn lèmi fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, torí ibẹ̀ ni èémí ti ń já.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣé gan-an ni. Yorùbá ni ewì náà. Mo padà lọ wò ó. Ní ìlà kejì, "wọ́n" ló lò fún ìyá rẹ̀: wọ́n jókòó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìlà kẹjọ ni "ìwọ" kọ́kọ́ fara hàn, lẹ́yìn tí ẹyẹ ti bà lé àga tán. Ẹyẹ ló ń bá sọ̀rọ̀! Mo bo ìlà keje bí ẹ ṣe wí, ewì náà wá di ìbànújẹ́ lásán, kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga náà mọ́.

Bọ̀dá Àkànní, ìyá mi wà láàyè, àlàáfíà ni wọ́n sì wà. Ìlà kẹjọ yẹn ni ọ̀fun mi ti ń dí, mo ti gbé ìka lé e.

Mo ti kọ ojú ewé kan àtààbọ̀. Ìlà kọkànlá ò tíì yé mi. Mo kọ ìyẹn náà síbẹ̀.