"Ọdún Fìtílà" kọ́ o, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn nǹkan ọdún àwọn ará Ṣáínà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ̀dá tó pe ọdún wọn tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 15 oṣù kìíní wọn, tí òṣùpá máa ń mọ́lẹ̀ roro, ní "Ọdún Fìtílà", ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò gbà. Fìtílà tí èmi mọ̀, epo àti òwú ni, iná ẹ̀ wà ní gbangba. Àǹtí tó ní "Láńtánì" gbìyànjú, àmọ́ ẹ bèèrè láńtánì lọ́jà kẹ́ ẹ wò ó, onígíláàsì tó ń mu kẹrosíìnì ni wọ́n á gbé fún yín.

Denglong ni àwọn ará Ṣáínà ń pe iná tí wọ́n máa ń gbé kọ́ lọ́jọ́ ọdún náà. Deng ni iná tàbí àtùpà, títí kan iná mànàmáná inú ilé, long wá ni àgò, irú èyí tí wọ́n ń fi ọparun hun tí wọ́n ń kó ẹyẹ sí. Àwọ̀n ọparun náà ni wọ́n á fi pépà tàbí sílíìkì pupa bò, iná á wà nínú. Ẹ jẹ́ ká kúkú pè é ní "àtùpà alágò". Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹni tó bá ti rí àgò adìyẹ rí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Èyí tí wọ́n ń tàn, tó máa ń fò lọ sókè ní Pingxi, ní Taiwan, ẹnì kan kọ ọ́ sí "fìtílà ọ̀run". Háà! Ta ló kú? Ti òkú wà lọ́tọ̀ ṣá, oṣù keje wọn ni wọ́n ń gbé e lé orí omi. "Àtùpà ojú sánmà" ti tó.

Àwọn bébà tí wọ́n ń so mọ́ àtùpà yẹn, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, ẹnì kan pè wọ́n ní "ìbéèrè ọgbọ́n" kẹ̀? Àlọ́ àpamọ̀ ni jàre! Bí àpẹẹrẹ, "ẹnu kan gé ìrù màlúù jẹ": ẹ mú àmì tí wọ́n fi ń kọ màlúù, ẹ gé ìdí ẹ̀ kúrò, ẹ fi àmì ẹnu sábẹ́ ẹ̀, ó ti di gao nìyẹn, ìyẹn "sọ fún". Àlọ́ tiwa ò nílò bírò, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju ìyẹn lọ.

Oúnjẹ róbótó tí wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ náà, tangyuan, ló ṣì ń dà mí láàmú. Ẹni tó kọ "àkàrà", wọn ò dín in o, omi ni wọ́n fi ń sè é, ìyẹ̀fun ìrẹsì tó ń lẹ̀ pẹ̀lú yànmọ̀tí dúdú nínú. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ sí i.