Ẹ sọ ìrírí yín: báwo lẹ ṣe rí onífótò tó ya òbí yín bó ṣe yẹ?

Àkàngbé Ìbàdàn

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Màámi pé àádọ́rin ọdún, a sì fẹ́ fótò ńlá kan tá a máa gbé kọ́ sí pálọ̀. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́: ẹni tó mọ ọmọge yà lè má mọ àgbàlagbà yà. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Onífótò tá a kọ́kọ́ lọ bá lórúkọ dáadáa. Fótò àwọn ìyàwó tuntun kún ojú ìwé Instagram rẹ̀, gbogbo wọn ń dán gbinrin. Màámi wọ léèsì funfun, wọ́n wé gèlè, wọ́n fi iyùn sọ́rùn. Ọmọkùnrin náà gbé iná roboto ńlá kan sí wọn níwájú gan-an, ó ní kí wọ́n yí èjìká sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Màámi ń ṣe gbogbo ẹ̀, àmọ́ ara ò rọ̀ wọ́n. Nígbà tí fótò dé, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá nà án sí àbúrò wọn, wọ́n ní, "Bá mi wò ó, ta nìyí?"

Ilà ojú wọn ti lọ. Pélé tí bàbá wọn ní kí olóòlà kọ fún wọn ní kékeré, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, onífótò ti fi kọ̀ǹpútà pa á rẹ́ pọ̀ mọ́ ìhunjọ iwájú orí wọn. Ó tún fọ ojú wọn funfun débi pé ó pọ́n ju ọwọ́ wọn lọ. Nígbà tí mo pè é, ó ní òun kàn bá wọn tún ojú ṣe ni, pé bí gbogbo oníbàárà ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn, àti pé òun ti pa èyí tí òun ò tíì fọwọ́ kàn rẹ́. Inú bí mi gan-an ni. Ohun tí Màámi sọ ni pé, "Títa ríro ni wọ́n kọ ọ́ fún mi, ó jinná tán, ó doge. Ẹnì kan wá pa á rẹ́ láì bi mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003 ti ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe kọ ọmọ nílà mọ́, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ìyẹn gan-an ló ṣe yẹ ká ya ojú àwọn tó kù sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn ọmọ mi ò ní rí irú ojú ìyá àgbà wọn lára ẹgbẹ́ wọn láé.

Nígbà tá a wá ẹlòmíì, ohun tí mo ń béèrè ni pé kí wọ́n fi fótò arúgbó tí wọ́n ti yà hàn mí. Ọ̀pọ̀ ò ní. Bàbá kan ní Mọ́kọ́lá, tó ti ń yàwòrán látayé fíìmù, ló fa dúrọ́ọ̀ yọ: bàbá onífìlà abetí ajá, ìyá arúgbó tó fi ìborùn sọ́rùn, ojú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìhunjọ rẹ̀, ilà rẹ̀ àti àpá rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Ìbéèrè tí Bàbá kọ́kọ́ bi Màámi ni pé, "Ìyá, báwo lẹ ṣe fẹ́ jókòó?" Màámi ní, "Bí bàbá mi ṣe jókòó nínú fótò tiwọn." Ó yé Bàbá lójú ẹsẹ̀: kí ènìyàn kọjú síwájú, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, kí gbogbo ara yọ títí dórí bàtà. Wọ́n pa iná ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ tó bá tiwájú wá máa ń sọ ojú di pẹrẹsẹ, pé èyí tó bá tẹ̀gbẹ́ wá ló máa ń ju òjìji sínú ilà, tí ilà á fi yọ. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo sì rí i bí pélé yẹn ṣe jáde níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń yí àga díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wá sún sẹ́yìn gan-an kí wọ́n tó yà á, nítorí ẹni tó bá fi lẹ́ńsì tó fẹ̀ sún mọ́ èèyàn jù, orúnkún àti ọwọ́ onítọ̀hún á tóbi ju orí lọ.

Léèsì funfun náà lọ́rọ̀ tiẹ̀. Bí kámẹ́rà bá rí funfun tó pọ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú aláwọ̀ dúdú á wá ṣókùnkùn. Ibẹ̀ ni ẹlòmíì ti ń fi kọ̀ǹpútà fọ ojú tó bá yá. Ojú Màámi ni Bàbá fi wọn ìmọ́lẹ̀ tiwọn.

Ká tó sanwó, a jọ fẹnu kò: wọ́n lè nu òógùn, wọ́n lè yọ fọ́nrán òwú tó já lára gèlè, wọn ò gbọdọ̀ kan ilà, ìhunjọ àti àwọ̀ ara. Mo ní kí wọ́n bá mi kọ ọ́ sára rìsíìtì, wọ́n sì kọ ọ́.

Ọmọ Ìlá

Ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ mẹ́nu ba ìjókòó yẹn. Bí àwọn àgbà ìlú wa ṣe ń ya fótò nìyẹn. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, wá ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn onífótò Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì tẹ ohun tó rí jáde lọ́dún 1978.

Ó kọ̀wé nípa fótò ìbejì pẹ̀lú, irú èyí tó wà nílé wa. Táyé kú ní kékeré, ìyá àgbà mi gbé Kẹ́hìndé lọ sọ́dọ̀ onífótò. Ó yà á, ó wá tẹ nẹ́gẹ́tíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, àwọn méjèèjì sì jókòó pọ̀. Onífótò yẹn náà tún fótò ṣe, àmọ́ ẹni tó ni ọmọ ló bẹ̀ ẹ́.

Ìyá Bọ̀dé

Bọ̀ọ̀dá Àkàngbé, ṣé bàbá yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́? Baálé mi ò lè gun àtẹ̀gùn mọ́.

Àkàngbé Ìbàdàn

Wọ́n wà níbẹ̀, mà. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Ẹ lọ láàárọ̀, ìgbà yẹn ni ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yẹn dáa jù, ẹ má sì lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ torí wọ́n máa ń tètè tì í lọ kírun. Mo ti fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀.