Ọmọ mi ń gba A ní kíláàsì, STAAR wá sọ nǹkan míì

Ìyá Dámi
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin òbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé wa. Houston la wà. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 13, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí gíréèdì 7. Látìgbà tí wọ́n ti wọlé, A ló ń gbà nínú ìṣirò, ẹ̀ẹ̀kan péré ló gba B. Àfi bí èsì STAAR, ìdánwò ìjọba ìpínlẹ̀ Texas, ṣe jáde tí mo rí "Approaches" nínú ìṣirò, Approaches náà nínú ìwé kíkà. Mo kọ́kọ́ rò pé èsì ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi.

Bàbá rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù ló fà á. Ó ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù mọ́ títí ọdún yóò fi parí, pé ká wá tíṣà tí yóò máa wá kọ́ ọ nílé. Ọmọ ò jẹun alẹ́ àná. Ṣé wọn ò ní ní kó tún kíláàsì ṣe báyìí? Ṣé tíṣà rẹ̀ kàn ń ta á ní máàkì lọ́rẹ ni? Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yìí ńkọ́, ṣé kí n gbà fún bàbá rẹ̀?

Bàbá Ìbejì
Ẹ má bínú sí mi o, ọkọ yín ò jẹ̀bi. Nígbà tí àwa wà ní JSS 3 n'Íbàdàn, ta ló bi wá bóyá a fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù? Bí BECE bá ti ń sún mọ́lé, bọ́ọ̀lù ti wọ àjà nìyẹn. Past question nìkan ló kù. Ẹ gba bọ́ọ̀lù, ẹ gba fóònù, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá kò ní gba Masters lọ́dún tó ń bọ̀.

Àǹtí Tíṣà
Bàbá Ìbejì, ẹ rọra. Iṣẹ́ mi rèé, ìṣirò ni mò ń kọ́ wọn ní middle school níbí.

Ìyá Dámi, ẹ fọkàn balẹ̀, wọn ò ní dá a dúró nítorí èyí. Approaches ti yege. Did Not Meet ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, Approaches tẹ̀ lé e, Meets wà lókè rẹ̀, Masters ló ga jù. Àwọn tó wà ní Did Not Meet ni òfin ní kí ilé ẹ̀kọ́ fún ní àfikún ẹ̀kọ́. Kódà gíréèdì 8 tí wọ́n máa ń torí STAAR dá dúró tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fagi lé ìyẹn láti 2021. Àmọ́ mi ò ní tàn yín: ohun tí Approaches ń sọ ni pé ọmọ náà lè nílò ìrànlọ́wọ́ ní kíláàsì tó ń bọ̀.

Tíṣà rẹ̀ ò ta á lọ́rẹ o. Iṣẹ́ àṣetiléwá wà nínú A yẹn, iṣẹ́ àjọṣe wà níbẹ̀, ìdánwò tí wọ́n gbà kó tún ṣe náà lè wà níbẹ̀. Ní STAAR, iṣẹ́ odindi ọdún kan ni wọ́n kó jọ sójú kan, kò sì sí "ẹ jẹ́ n tún un ṣe". Ẹ bi í léèrè: ṣé calculator ló fi ń ṣiṣẹ́ nílé? Gíréèdì 8 ni wọ́n tó ń gbà wọ́n láyè láti lò ó nínú STAAR ìṣirò. Ọmọ lè mọ ọgbọ́n tí ìbéèrè ń fẹ́ dáadáa, kó wá di pé kó fọwọ́ pín 4.2 sí ọ̀nà 0.35, ibẹ̀ ni yóò ti há.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ wọ texasassessment.gov, ẹ fi access code tó wà lórí ìwé èsì wọlé. Ẹ máa rí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan àti ohun tó fi dáhùn. Ẹ pè é kẹ́ ẹ jọ wò ó. Ẹ má pariwo mọ́ ọn.

Màmá Tèmi, Katy
Ẹ wo àròkọ inú ìwé kíkà yẹn náà dáadáa! Òṣùwọ̀n máàkì 5 ni wọ́n fi ń máàkì rẹ̀. Ọmọbìnrin tèmi kọ ìlà mẹ́ta, wọ́n fún un ní odo. Mo ní ṣebí gírámà rẹ̀ dáa? Ṣé ẹ rí i, bí èrò inú àròkọ bá ti gba odo, gírámà náà ti di odo nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ló sì ń máàkì èyí tó pọ̀ jù nínú wọn báyìí, kò mọ̀ pé ọmọ mi gbọ́n.

Ìyá Dámi
A ti wò ó o. Àánú ọmọ náà wá ṣe mí. Ìbéèrè kan ní kó mú ìdáhùn MÉJÌ, ọ̀kan ló mú. Òmíràn tún wà bẹ́ẹ̀, ọ̀kan náà ló tún mú. Mo ní, "Dámi, o ò rí 'two' ni?" Ó ní òun ti rí èyí tó tọ̀nà, lòun bá kọjá lọ. Èyí tó ní point nínú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kù tó pàdánù. Mo fún un ní bébà kó ṣe ọ̀kan lójú mi, ó ń fi ìka ka nǹkan lábẹ́ tábìlì! Ọmọ tó ń gba A! Ní ti àròkọ, ìlà mẹ́rin.

Àǹtí Tíṣà
Ẹ ti rí i. Kò nílò tíṣà olówó ńlá. STAAR àwọn ọdún tó kọjá wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì TEA, àjọ ètò ẹ̀kọ́ Texas. Past question yín nìyẹn, Bàbá Ìbejì. Ìbéèrè márùn-ún lálẹ́, pẹ́ńsù àti bébà, kó fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n ní kó ṣe kó tó dáhùn. Lọ́jọ́ Sátidé, kó kọ àròkọ kan, kó mú ẹ̀rí nínú ohun tó kà. Ẹ jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló ní kó mú ìdáhùn kan.

Bàbá Ìbejì
Mo gbà fún Àǹtí Tíṣà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tá a tún ń da ara wa láàmú? Ṣebí wọ́n ní STAAR fúnra rẹ̀ ń lọ, pé ìdánwò kéékèèké mẹ́ta ni yóò rọ́pò rẹ̀ láti 2027.

Àǹtí Tíṣà
Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún dípò ẹ̀ẹ̀kan, sà. Ìsọdipúpọ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá Dámi
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fi àwọn ìdáhùn náà han bàbá rẹ̀, ó dákẹ́, ó ní òun máa rò ó. Ṣùgbọ́n òun náà ló gbé e lọ síbi bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ yìí. Calculator ọmọ wà nínú báàgì mi.

Màmá Tèmi, Katy
Ẹ wo inú fóònù rẹ̀ náà o. Òmíràn wà níbẹ̀.