Ẹnì kan ní òun fẹ́ bá NGO wa ṣètò owó wíwá lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé ká gbà?

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn:
Ẹ kú ilé o gbogbo ẹbí. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Ìbàdàn ni mo wà. SS ni àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 22 ni nígbà tó kú, àtìgbà yẹn lèmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin ti ń ran àwọn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde lọ́wọ́. Kò ju ká bá àwọn tí òbí wọn ò lágbára ra oògùn bíi Paludrine àti folic acid, ká sanwó ẹ̀jẹ̀ tí ara bá ń ro ọmọ dé ọsibítù, ká sì jókòó ti ìyá ẹ̀. Ọmọ 41 ló wà lọ́wọ́ wa báyìí. Àpò ara wa lowó ti ń wá, àti èyí táwọn èèyàn bá fi ránṣẹ́ tí mo bá pariwo lórí Facebook, pàápàá ní June 19 tó jẹ́ ọjọ́ sickle cell lágbàáyé, ṣùgbọ́n tí ọjọ́ yẹn bá ti lọ, ó tán nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò tún rántí wa. Lóṣù tó kọjá ọmọ mẹ́fà ni mo dá padà láìrí oògùn gbà. Mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Arákùnrin kan wá kọ̀wé sí mi láti London, ọmọ Yorùbá ni, iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun gan-an ni kó máa bá àwọn ṣárítì wá owó, ó ní òun máa yọ wákàtí méjì lọ́sẹ̀ fún wa fún oṣù mẹ́ta, kọ́bọ̀ òun ò ní gbà, pé pro bono ni wọ́n ń pè é. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo gbé e dé ìgbìmọ̀, bàbá tó jẹ́ alága wa ní rárá, ta ló ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láyé ìsinyìí, pé tó bá yá á ní ká fún òun ní ìdá mẹ́wàá owó tó bá wọlé, tàbí kó kó orúkọ àwọn tó ń fún wa lówó lọ síbòmíì. Ohun tó sì já bàbá láyà jù ni pé arákùnrin yẹn ti ní ká fi ìwé owó wa ọdún méjì àti orúkọ àwọn tó ti dáwó rí ránṣẹ́.

Ṣé ká gbà? Kí ni ká bi í, kí ni ò sì yẹ ká kó lé e lọ́wọ́?

Ìyá Ìbejì Àkúrẹ́:
Àǹtí Nọ́ọ̀sì ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún àbúrò yín. Ẹ gbà á. Àmọ́ ẹ má fún un ní pásíwọ́ọ̀dù kankan o, ti báńkì ni o, ti Facebook ni o.

Ọmọ Iléṣà:
Èmi ò fara mọ́ ọn ní tèmi. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Ẹnì kan ní òun máa bá wa kọ prọpósà lọ́fẹ̀ẹ́, a dúpẹ́, a gbà, a ò tiẹ̀ kà á tán ká tó fi ránṣẹ́, àṣé ti ẹgbẹ́ mìíràn ló kàn dà kọ, orúkọ ẹgbẹ́ yẹn ṣì wà lójú ìwé kẹrin! Àwọn tó ń fúnni lówó yẹn ò dá wa lóhùn mọ́ títí dòní, ojú sì ń tì mí láti kọ̀wé sí wọn. Ẹni tí ẹ ò sanwó fún, báwo lẹ ṣe fẹ́ bá a wí? Ẹ kúkú wá ọ̀dọ́ kan níbí tó mọ̀wé kọ, kẹ́ ẹ máa fún un ní nǹkan díẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham:
Ẹ pẹ̀lẹ́ ẹ̀yin ará Iléṣà, ó dùn mí pé wọ́n ṣe yín bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ torí iṣẹ́ yìí lèmi náà ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lálẹ́ Sátidé.

Àǹtí mi, kì í ṣe nǹkan àjèjì. Níbí Cranfield Trust ń mú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ lọ bá àwọn ṣárítì láìgbowó, Reach Volunteering náà ń so èèyàn pọ̀ mọ́ wọn, ní Amẹ́ríkà Taproot Foundation ti wà lẹ́nu ẹ̀ láti 2001. Ẹni tó ń ṣe é ò ya wèrè, kò sì fi dandan jẹ́ olè. Èmi, ìyá mi ló kú torí owó ọsibítù tí a ò rí san, ìdí tí mo fi ń ṣe é nìyẹn. Ẹ bi arákùnrin yẹn léèrè ìdí tiẹ̀, ẹ máa mọ̀ látẹnu ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdá mẹ́wàá tí bàbá ń bẹ̀rù, ẹ bá mi sọ fún wọn pé òótọ́ ni wọ́n rí, ẹni tó bá béèrè ẹ̀, kẹ́ ẹ sá fún un. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí tó wà ní Amẹ́ríkà, AFP, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, kọ ọ́ sínú òfin wọn pé ọmọ ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ gba owó iṣẹ́ tó jẹ́ ìdá kan nínú owó tó wọlé. Ẹni tó fún yín ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, oògùn ọmọ ló ní ẹ fi rà. Tí wọ́n bá sì ń ka ìdá fún èèyàn, á kàn máa lé owó ńlá kíákíá ni, kò ní bìkítà bó bá lé ẹni tó ń fún yín ní ẹgbẹ̀rún méjì lóṣooṣù sá.

Orúkọ tó béèrè, ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ta ló fún yín lẹ́ẹ̀kan, ta ló tún padà wá, oṣù wo lowó máa ń wọlé. Kò nílò orúkọ fún ìyẹn. Ẹ kọ A, B, D síbi tí orúkọ yẹ kó wà, ẹ yọ nọ́ńbà fóònù, ẹ fi iye àti oṣù sílẹ̀. Tó bá mọṣẹ́, ó máa lò ó bẹ́ẹ̀. Tó bá fárígá pé orúkọ lòun fẹ́ ṣá, ẹ ti rí ìdáhùn yín nìyẹn.

Kẹ́ ẹ sì jọ kọ ìwé ojú kan, kówó ò tiẹ̀ sí níbẹ̀: iṣẹ́ tó máa ṣe àti ọjọ́ tó máa parí, ohun tí ẹ̀yin náà máa ṣe, ẹnì kan ṣoṣo tó máa máa bá a sọ̀rọ̀, pé owó kankan ò ní gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá, pé gbogbo ohun tó bá kọ, tiyín ni. Èmi ò kì í bẹ̀rẹ̀ láìsí ìwé yẹn, torí ó ń dáàbò bo èmi náà. Ẹgbẹ́ kan wà tí mo fi oṣù méjì dúró de ìwé ìnáwó wọn, mò ń pè wọ́n, wọn ò gbé e, ó dùn mí gan torí mo ti kọ ẹlòmíì sílẹ̀ nítorí wọn.

Bàbá Oníṣirò:
Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, o ṣeun. Kẹ́ ẹ tó bá ará London sọ ohunkóhun, ṣé ìwé yín pé? Ṣé ẹ ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀? Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é, ṣé ẹ ń fi annual returns, ìyẹn ìròyìn ọdọọdún nípa ẹgbẹ́, ránṣẹ́ sí wọn? Àárín June 30 sí December 31 lọdọọdún ni òfin CAMA 2020 ní kí ẹgbẹ́ bíi tiyín ṣe é. Ṣé ẹ ní ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ kí wọ́n má fi ẹgbẹ́ fọ owó ìdọ̀tí, torí báńkì máa béèrè ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́. Mo ti rí ẹgbẹ́ dáadáa tówó ń gba iwájú wọn kọjá torí ìwé yìí nìkan, àkáǹtì ẹnì kan ni wọ́n ń lò.

Ohun kejì, àwọn ọmọ yẹn. Ẹ má fi orúkọ wọn, fọ́tò wọn tàbí káàdì ọsibítù wọn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé òbí wọn gbà. Òfin Data Protection ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ọ̀rọ̀ àìsàn ò sì ṣeé fi ṣeré níbẹ̀. Kó tiẹ̀ má sí òfin, ọmọ yẹn máa dàgbà, kò yẹ kó bá ojú ara ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tó ti ń ké lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan o, Bàbá. CAC ti wà, annual returns la ò ṣe lọ́dún tó kọjá, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. SCUML ò tíì sí, àkáǹtì mi lowó ń wọ̀, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀gbọ́n Peckham, tá a bá gbà á, kí ni ká ní kó bá wa ṣe? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń sọ pé kó bá wa kọ prọpósà sí àwọn àjọ ńlá lókè òkun.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham:
Ẹ má tíì ṣe ìyẹn o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àjọ yẹn máa béèrè ìṣirò tí ọ́dítọ̀ ti yẹ̀ wò, ti ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, ẹ̀yin ò sì tíì ní àkáǹtì tiyín. Oṣù mẹ́ta á lọ, wọ́n á ní ẹ pẹ̀lẹ́. Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ní kó bá yín ṣe: kó kọ́ yín bí ẹ ṣe máa sọ ẹni tó fún yín lẹ́ẹ̀kan ní June di ẹni tó ń fún yín lóṣooṣù. Kẹ́ ẹ mọ iye tí oògùn ọmọ kan ń gbà lóṣù, kẹ́ ẹ lè sọ fún èèyàn pé owó tìẹ, ọmọ kan ló gbé dé ìparí oṣù. Kò ní bá yín tọrọ, ẹ̀yin lẹ máa tọrọ, àmọ́ á jókòó tì yín títí ẹnu yín á fi gbà á.

Àwọn tó fún yín ní June, ta ló dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn?

Ìyá Ìbejì Àkúrẹ́:
Hẹn, ìbéèrè gidi.

Alásọ Gbági:
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mi ò mọ̀wé púpọ̀ fi kún un. Ará London lè má mọ bówó ṣe ń rìn níbí. Èèyàn wa ò fi bẹ́ẹ̀ ń fún wẹ́búsáìtì lówó, ẹgbẹ́ ló ń mú owó wá. Nínú ẹgbẹ́ tá a jọ jáde níléèwé, èèyàn 30 ń dá ẹgbẹ̀rún méjì méjì lóṣooṣù, ẹgbẹ̀rún 60 nìyẹn, akápò ń ka orúkọ ẹni tí ò tíì san lórí WhatsApp, ojú á tì ọ́ wàá san. Kẹ́ ẹ sọ fún un kó fi èyí sínú ètò ẹ̀. Ẹ wá bá wa lọ́jà náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi SS ni.

Ọmọ Iléṣà:
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Kẹ́ ẹ gbà á, àmọ́ kẹ́ ẹ ka gbogbo ohun tó bá kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀ nígbà yẹn.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn:
Mo ka èsì yín fún bàbá alága lórí fóònù. Ibi A, B, D yẹn ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dáa, kí n pe arákùnrin yẹn, àwọn náà máa wà níbẹ̀, ọjọ́ Sátidé la sì fi sí. Alásọ Gbági, mo ti kọ̀wé sí yín ní kọ̀rọ̀, mo máa wá.

Lórí ìdúpẹ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni ò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Orúkọ wọn ló wà nínú ìwé ẹ̀sáàsì níwájú mi yìí. Mo ti pe mọ́kànlá láti ìrọ̀lẹ́, mi ò tọrọ nǹkan kan, mo kàn sọ ọmọ tí owó wọn ra oògùn fún, láìdárúkọ ẹ̀. Màmá kan ní Ẹdẹ ní òun rò pé owó òun ò dé ni.