Ògiri tó ń bu lẹ́yìn ìjì òjò: ṣé ọ̀dà nìkan ni ká ha?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ilé. Ìjì òjò ti lọ láti ọ̀sẹ̀ 3, òrùlé ò jò, síbẹ̀ ìsàlẹ̀ ògiri yàrá kan ṣì tutù dé nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà. Ebu dúdú ti hu síbẹ̀, pàápàá lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí atẹ́gùn kì í dé.

Mo lẹ ọ̀rá mọ́ ògiri náà fún wákàtí 48, mo fi téèpù dí etí rẹ̀ yí ká. Ẹ̀yìn ọ̀rá ni omi sẹ̀ sí, iwájú rẹ̀ gbẹ. A jẹ́ pé inú ògiri ni omi ti ń wá, kì í ṣe afẹ́fẹ́ yàrá. Bílíìṣì ife 1 nínú omi ife 10 pa àwọ̀ dúdú yẹn rẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ 10 ò pé tó tún fi hu, torí ojú ògiri nìkan ni bílíìṣì ń dé. (Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ní ká po ammonia mọ́ ọn, èéfín rẹ̀ léwu.) Ọ̀dà olóròóró tó wà lára rẹ̀ ò sì jẹ́ kí omi ráyè jáde.

Ṣé ọ̀dà nìkan ni kí n ha, àbí kí n gbẹ́ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ dànù, dé 30 sẹ̀ǹtímítà lókè ibi tí omi dé? Ilẹ̀ ìta ga ju ti yàrá lọ díẹ̀. Ṣé ibẹ̀ ló yẹ kí n kọ́kọ́ gbẹ́? Báwo lẹ sì ṣe ń mọ̀ pé inú ògiri ti gbẹ tán kí ẹ tó tún un kùn?