Ìyá ní òun ò gbé ọmọ òun lọ sí Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta. Kí la ó wí?

Olùdámọ̀ràn ilé ìwé: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ SS2, ọdún 15. Ó ti tó oṣù méjì tí kì í sùn, kì í bá ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, máàkì ẹ̀ ti já wálẹ̀. Ìyá ẹ̀ ní ọmọ òun kì í ṣe wèrè, àdúrà ló kù. Báwo lẹ ṣe ń bá irú òbí bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀?

Nọ́ọ̀sì: Ẹ má fi orúkọ Àrò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù tó ń ba òbí ni kí ará àdúgbò má lọ rí i ní géètì. Ní Ìbàdàn, UCH, ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú oríṣiríṣi àìsàn, ń rí àwọn ọmọdé. Ẹni tó bá pàdé yín níbẹ̀ ò lè mọ̀ bóyá eyín lẹ bá wá.

Ẹ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún un ṣáájú. Dókítà á bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún: ṣé ọmọ ké nígbà tí wọ́n bí i? Ṣé gìrì mú un rí? Ta ló ti ní irú ẹ̀ nínú ẹbí? Èébú ni ọ̀pọ̀ òbí ń ka ìyẹn sí. Lẹ́yìn náà, á ní kí ìyá bọ́ síta kóun bá ọmọ nìkan sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń bínú lọ sílé. Kò sì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn hàn. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe, wọ́n fi ń wò ó bóyá ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀, igbó tàbí tramadol ló fà á ni.

Apòògùn: Oògùn ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Fluoxetine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó hàn lára ọmọ, àmọ́ èébì àti orí fífọ́ lè ti dé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ni òbí bá dá a dúró. Ti haloperidol, oògùn tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ tó le, tún burú: ọrùn lè wọ́, ojú lè yí sókè, wọ́n á ní ayé ló ń jà. Oògùn ni. Kí wọ́n padà lọ lọ́jọ́ náà, oògùn kan tó ń jẹ́ benzhexol máa ń tú u. Bára ọmọ bá sì yá, kí wọ́n má dá a dúró fúnra wọn.

Nọ́ọ̀sì: Àdúrà ńkọ́? Ẹ má bá a du ìyẹn. Kó máa gbà á, kí ọmọ máa jẹun, kó máa lo oògùn. Kí wọ́n má ṣáà nà án, kí wọ́n má dè é. Òfin ọdún 1958 tó ń pe àwọn aláìsàn ọpọlọ ní wèrè ní Nàìjíríà, òmíràn ti rọ́pò ẹ̀ láti oṣù Kínní 2023.

Olùdámọ̀ràn ilé ìwé: Ẹ ṣé gan-an. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀ ikú ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì: Ẹ má dúró de Mọ́ńdè. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n ti gbogbo oògùn àti oògùn ẹ̀fọn mọ́ àpótí, kí ẹnì kan sì sùn sí yàrá ẹ̀.